Ohùn Yín Pe Àwọn Alààyè

Bàámi ọ̀wọ́n, ẹ̀yin tí ẹ kì í fọhùn láìjẹ orógbó,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ má fi ìkọ̀wé mi rẹ́rìn-ín, ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹ̀yìn ikú yín ni mo fi ilé ìwé sílẹ̀. Ẹ jókòó dáadáa, ìròyìn mi dùn. Mo gbé gbohùngbohùn yín jáde, èyí tí ẹ fi ń kéde òkú kiri Ìkirè, tí ẹ ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Ṣé ẹ rántí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà tí Màmá Nọ́ọ̀sì dá sílẹ̀ lọ́nà Àpòmù? Ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Mò ń pọnmi, mò ń fọ abọ́, mo sì ń sín Bàbá Tíṣà jẹ títí eyín àtọwọ́dá wọn á fi fẹ́ bọ́ nítorí ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ilé náà ti fẹ́ kógbá sílé. Àwọn ará ìlú ní ibẹ̀ ni wọ́n ń da òbí nù sí, ojú sì ń ti àwọn ọmọ láti mú òbí wọn wá. Màmá Nọ́ọ̀sì ní tí a ò bá rí àgbà mìíràn gbà kí oṣù tó parí, àwọn á ti ilẹ̀kùn. Bàámi, Bàbá Tíṣà ò lọ́mọ, wọn ò nílé. Níbo ni wọn ì bá gbà lọ?

Màmá Nọ́ọ̀sì ò pàṣẹ kankan. Wọ́n pe gbogbo wa jọ, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń fi òróró ra ẹsẹ̀ Màmá Àkànkẹ́, wọ́n wá ń bi àwọn àgbà pé kí ni ká ṣe. Màmá Àkànkẹ́ ní ká pe orúkọ àwọn síta kí ayé gbọ́, pé àwọn kì í ṣe ẹrù olè tí wọ́n ń fi pamọ́. Ni gbogbo ojú bá yí sọ́dọ̀ mi.

Mo so gbohùngbohùn yín mọ́ ọ̀kadà, ó di ọjà Àpòmù. Ohùn tèmi ń gbọ̀n, mo bá mú tiyín. Mo húkọ́ bí ẹ ṣe máa ń húkọ́, mo fi ìka ta ẹ̀rọ náà, mo rọ ohùn sílẹ̀: "Ẹ dákun, ẹ̀yin ará ìlú. Bàbá Tíṣà, tó kọ́ àwọn bàbá yín níwèé..." Mo wá dákẹ́ díẹ̀, bí ẹ ṣe máa ń dákẹ́.

Wọn ò dúró gbọ́ ìyókù. Ta ni ohùn yẹn ti pè rí tí kì í ṣe òkú? Kí n tó dé orí Màmá Àkànkẹ́, ẹkún ti sọ lọ́jà. Mo ń pariwo pé wọ́n wà láàyè, pé wọ́n ń jẹun. Ta ló gbọ́?

Nígbà tí mo fi máa padà dé ilé ìtọ́jú, àwọn tó wá kẹ́dùn ti kún àgbàlá. Bàbá Tíṣà wà lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń ta dráàfù, dòdò Ìkirè kún ẹnu wọn. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tí wọ́n kọ́ níwèé rí dúró níwájú wọn, omi lójú. Wọ́n wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìwọ yìí, o tún pẹ́ dé."

Àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Èmi rò pé wọ́n á lé mi lọ, àmọ́ Màmá Nọ́ọ̀sì kàn ní kí n lọ pọnmi fún àlejò ni. Wọ́n mú àwọn èèyàn wọ yàrá, wọ́n jẹ́ kí wọ́n tọ́ oúnjẹ wò, wọ́n jẹ́ kí àwọn àgbà fẹnu ara wọn sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, onírùngbọ̀n yẹn mú ìyá rẹ̀ wá, lọ́sàn-án gangan, kò bo ojú. Àwọn kan tún wá láti Orílẹ̀-Òwu. Báyìí, yàrá tí à ń kó iṣu sí tẹ́lẹ̀ ti di yàrá èèyàn.

Ṣé ẹ gbọ́ mi lọ́jọ́ náà? Àbí ẹ bínú pé mo jí ohùn yín? Ní gbogbo ọdún tí ẹ fi pe orúkọ àwọn àgbà nínú ẹ̀rọ yìí, ẹnì kankan ò dáhùn rí. Láràárọ̀ báyìí, mo máa ń húkọ́, mo máa ń fi ìka ta á, mo sì máa ń fi ohùn yín pè wọ́n wá jẹun lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n ń dá yín lóhùn, Bàámi. Gbogbo wọn pátá.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó sì ń jẹ orógbó tí ẹ fi sílẹ̀, bó tilẹ̀ korò.