Abẹ́rẹ́ Tí Ìyá Àgbà Kò Sá Fún

Abúlé Elérò,
Lọ́nà Ìsẹ́yìn.
Oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2009.

Ìbíjọkẹ́ ọmọ mi àtàtà,

Ṣé o jí dáadáa, ṣé ara le, ṣé gbogbo ará ilé tó ò ń gbé ní Ìkòsì wà ní àlàáfíà, títí kan ìyá onílé tó máa ń ti géètì kí ilẹ̀ tó ṣú? Bí o bá béèrè wa, gbogbo wa wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Ọyẹ́ ọdún yìí nìkan ni kò mojú ẹnì kankan, ó ti la gbogbo wa létè, ìyá rẹ ò lè rẹ́rìn-ín mọ́ láìfi ọwọ́ di ẹnu mú. Ewúrẹ́ abilà yẹn ti bí ìbejì. Olúwa tó ń ṣọ́ wa níbí á máa ṣọ́ ìwọ náà lójú títì Kétu, o ò ní í rìn nígbà tí ebi ń pa ọ̀nà.

Kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tó jẹ́ pé o ti ra fóònù fún mi. Fóònù náà ti kú. Ìwọ náà á rántí pé lọ́jọ́ tó o pè mí kẹ́yìn, o sín sí mi létí, o sín, o tún sín. Ìwọ gan-an lo sì kọ́ mi pé ibi tí èèyàn bá ti ń sín ni ọ̀fìnkìn líle tí ẹ̀yin ń pè ní fúlù ti ń ràn mọ́ ẹlòmíì. Mo wá rò ó pé bí ohùn rẹ bá lè ti Ìkòsì dé Elérò lójú ẹsẹ̀, kí ni yóò dá sínsín rẹ dúró lọ́nà? Mo bá fi ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn fọ fóònù náà tinú tẹ̀yìn, mo sá a sóòrùn. Láti ọjọ́ náà, kò dún mọ́. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kó ọ̀fìnkìn nínú ilé yìí.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi jókòó gan-an ni ti nǹkan pélébé tó o fi rán Ṣùkúrù awakọ̀ láti gáréèjì Kétu. Mo ka lẹ́tà tó bá a wá sókè kí ìyá rẹ àti Ìyá Àgbà lè gbọ́. O ní iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe ní yàrá ìwádìí yín ní Gbàgádà nìyẹn, pé ẹ fẹ́ kí àjẹsára fúlù máa gba awọ ara wọlé, láìsí abẹ́rẹ́ gígùn. O ní abẹ́rẹ́ tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló wà lára nǹkan pélébé náà, pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò tó irun ẹnu àgbàdo, pé irú nǹkan bíi ṣúgà lẹ fi ṣe wọ́n, bí wọ́n bá sì ti wọ awọ, wọ́n á yọ́ síbẹ̀. Ọmọ mi, èmi àti ìyá rẹ mú un jáde síta. A gbé e sójú oòrùn, a la ojú wa, a ò rí nǹkan kan. Mo rọra fi ìka kàn án, ó rí bí ahọ́n ọmọ ológbò. Ìwọ tí mo fi ọwọ́ mi fun ikun nímú fún, ìwọ lo wá ń rọ abẹ́rẹ́ tí ojú ò rí! Omijé bọ́ lójú mi, mi ò sì fi pamọ́ fún wọn.

Ṣùgbọ́n inú mi bàjẹ́ níbi tó o ti sọ pé àwọn tó ń náwó sí iṣẹ́ náà fẹ́ dá a dúró. Wọ́n ní àwọn arúgbó tí fúlù ń pa jù ò ní í gbà kí ẹ lẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ wọn lára, pé iṣẹ́ tó o ti ń ṣe láti ìgbà tó o ti kúrò nílé ìwé á wọmi. O ní o ò rí oorun sùn mọ́.

O tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí oògùn nínú èyí tó o fi ránṣẹ́, pé kí a kàn lè rí i ni. Mo rẹ́rìn-ín. Ta ló ní oògùn gidi tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ polówó rẹ̀? Baba tó ń sín gbẹ́rẹ́ fún wa nígbà èwe, bí o bá bi í, á ní ewé lásán ni. Mo ní ọmọ mi gbọ́n, kò fẹ́ kí Ṣùkúrù mọ̀ pé nǹkan ńlá lòun gbé. Mo bá gbé e tọ Ìyá Àgbà lọ.

O mọ ìyá mi. Nígbà tí àwọn wolé-wolé wá gún abẹ́rẹ́ ìgbóná láyé ọjọ́un, inú oko ẹ̀gẹ́ ni ìyá mi sá lọ sùn. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gé nọ́ọ̀sì jẹ. Bẹ́ẹ̀ gbogbo ọyẹ́ ni ikọ́ ń dá wọn dùbúlẹ̀, ti èṣí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, a ti ń pe àwọn ọmọ ìyá mi jọ. Mo sọ fún wọn pé gbẹ́rẹ́ tí kò lábẹ ni, Ìbíjọkẹ́ ló ṣe é. Wọ́n ní ṣé méje ni, torí obìnrin làwọn. Mo ní ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ní ṣé ti gbogbo ìdílé ni mo fẹ́ sín sí àwọn nìkan lára ni? Síbẹ̀, nítorí orúkọ rẹ, wọ́n fúnra wọn ká aṣọ sókè, wọ́n na apá. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn lára. Wọ́n dijú, wọ́n rún ẹnu pọ̀, nígbà tó pẹ́, wọ́n ní ìgbà wo ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ní mo ti ṣe tán.

Nítorí ọ̀rọ̀ ṣúgà yẹn, mo ki ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì wọn bọ inú agolo mílíìkì tí mo bu omi sí, kí èèrà má baà gòkè lọ jẹ àwọn abẹ́rẹ́ náà. O ò sì sọ èèwọ̀ oògùn náà fún wa, mo bá fòfin de ilá, ìgbín àti ẹran ìgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, títí Ìyá Àgbà fi ní kí n kúkú fòfin de àwọn náà.

Mo rán Ṣùkúrù sí ọ pé mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ Ìyá Àgbà lára; ìgbà tó padà dé ló jíṣẹ́ rẹ, pé lóòótọ́ lóòótọ́ kò sí oògùn kankan níbẹ̀, kí Ìyá Àgbà má gbójú lé e lọ bá ẹni tó ń wúkọ́. Ojú tì mí. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi, mo jẹ́wọ́. Wọ́n ní ṣùgbọ́n ṣé abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́? Mo ní ó wà. Wọ́n ní gbogbo ọgọ́rùn-ún náà, ṣé wọ́n wọlé? Mo ní wọ́n wọlé. Wọ́n na apá náà, wọ́n ń wò ó bí ẹni tó ń wo apá ẹlòmíì, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní látìgbà èwe làwọn ti ń sá fún ẹyọ kan ṣoṣo, ọgọ́rùn-ún wá wọlé, àwọn ò mọ̀. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ ránṣẹ́ kí o lọ kà á sétí àwọn olówó yín, pé arúgbó tó gé nọ́ọ̀sì jẹ làwọn, pé ọwọ́ ara àwọn làwọn fi ká aṣọ sókè.

Ọmọ mi, bí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀, fi owó díẹ̀ rán Ṣùkúrù fún àtúnṣe fóònù, má gbàgbé ìpara ètè ìyá rẹ, kí o sì bá mi béèrè bóyá ọṣẹ mìíràn wà tí wọ́n fi ń fọ fóònù. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní í wọmi. Ohun tí ojú ò rí tó o rí, Ọlọ́run á jẹ́ kí gbogbo ayé fi ara mọ̀ ọ́n.

Ìyá Àgbà ní kí n má tíì pa lẹ́tà dé. Wọ́n ti fi osùn yí ojú ibi tí mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ká, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní ibẹ̀ ni kí o lẹ ti gidi mọ́ nígbà tó o bá parí ẹ̀, àwọn ò ní í kú kó o tó dé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Elkanah.