Páìpù Tó Ń Kan Ògiri Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sàréè Yín

Bàbá mi,

Mi ò fi "ọ̀wọ́n" sí i. Tí mo bá fi sí i, ẹ̀yin gan-an á mọ̀ pé irọ́ ni. "Ẹ̀yin" tí mo sì ń pè yín yìí, ẹ̀kọ́ tí ìyá mi kọ́ mi ni, ẹ má rò pé ìfẹ́ ni. Inú ìwé ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, torí inú ìwé nìkan ni mo ti lè sọ̀rọ̀ dópin láìjẹ́ pé ẹ fi ọ̀pá kan ògiri.

Ṣé ẹ rántí ọ̀pá yẹn? Dúdú, tí ẹ fi irin de ìdí rẹ̀. Ẹ ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ó fi lu ògiri, gbà, gbà, gbà, èmi tí mo ń rin àgbọn lẹ́yìnkùlé á ju gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, màá sáré wọlé. Omi lẹ fẹ́ mu. Tàbí kí n sún rédíò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín mọ́ yín díẹ̀ sí i. Sèwánù tí ìyàwó kejì bí fún yín á sì wà ní pálọ̀ níbẹ̀, yóò na ẹsẹ̀, yóò máa kàwé. Òun, orúkọ rẹ̀ lẹ máa ń pè. Kí ló ṣe orúkọ tèmi? Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ mí.

Nígbà tí mo ka ìwé mẹ́fà tán, ẹ ní ó tó. Òótọ́ ni, ta ni ì bá máa dá ògiri lóhùn tí mo bá ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama? Sèwánù lọ ní tiẹ̀, ó tún lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Òtò. Mo padà wá bá yín lẹ́yìn tí mo kúrò nílé ọkọ, mo wẹ̀ yín, mo bọ́ yín, mo yí yín padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Gbà, gbà, gbà. Títí ẹ fi kú.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ẹ dá sílẹ̀ fún yín.

Ẹ ní inú yàrá yín la gbọ́dọ̀ sin yín sí, bí wọ́n ṣe sin bàbá yín. Ìjọ ní itẹ́ òkú wà, ẹ ti kìlọ̀ sílẹ̀ pé ẹni tó bá gbé yín jáde kò ní rí ire. A sin yín sí yàrá. Sèwánù kó táìsì wá, ó tẹ́ ẹ sórí yín. Ó fi pátákó funfun bo ìsàlẹ̀ ògiri, ó ní kó lè lẹ́wà. Ó tún yọ ẹ̀rọ omi àtijọ́ tó wà lẹ́yìnkùlé, èyí tí èèyàn ń yí yí yí kó tó padé, ó fi tuntun sí i, ọlọ́wọ́ gbọọrọ, tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan náà lèèyàn á gbá a, omi á dá.

Ọjọ́ tí a ń fọ abọ́ ìsìnkú lẹ́yìnkùlé ló bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó ẹbí kan gbá ẹ̀rọ pa. Nínú yàrá yín: gbà, gbà, gbà!

Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Yéè! Bàbá ń pè o!" Ẹni tó ń jẹun sáré, ẹni tó ń gbàdúrà sáré, ìyá kan tó ní ẹsẹ̀ ń dun òun láti àárọ̀ ló ṣáájú gbogbo wọn dé títì. Ẹ mọ ohun tí èmi ṣe? Mo nu ọwọ́ sára aṣọ, mo sì dojú kọ ọ̀nà yàrá yín. Mo ti dé ẹnu ilẹ̀kùn kí n tó rántí pé ẹ wà lábẹ́ táìsì. Ìyẹn ni mi ò ní dárí rẹ̀ jì yín. Ẹ kọ́ ẹsẹ̀ mi bí wọ́n ṣe ń kọ́ ajá.

Láti ìgbà yẹn ni Sèwánù ti rí ẹnu sọ̀rọ̀. Ó ti rí àwọn kan tó fẹ́ sọ ilé yìí di ibi tí àwọn àlejò tó ń wá wo etí ọ̀sà á máa sùn sí. Èmi nìkan ni ẹrù tó kù nínú ilé.

"Àǹtí," ó ní, "Bàbá ò sinmi. Bàbá ò fẹ́ kí ẹ máa se òróró àgbọn lórí orí òun."

Mo ní, "Ìgbà tó ń jẹ owó òróró yẹn ńkọ́, ó sinmi?"

Ó ní, "Ẹ̀yin náà kúkú ń gbọ́ ọ."

Mo ń gbọ́ ọ lóòótọ́. Ìyẹn ló bí mi nínú jù.

Ó ránṣẹ́ sí Tàsí, àbúrò yín obìnrin, ní Gbérẹ̀fú. Ẹ mọ̀ pé tí Tàsí bá ti sọ̀rọ̀ nínú ẹbí yìí, ọ̀rọ̀ tán. Tàsí ní òun á wọ ọkọ̀ ojú omi wá, ẹbí á jókòó, àwọn á fetí ara wọn gbọ́. Tí ẹ bá kan ògiri, kí n di ẹrù mi. Kí n dì í lọ síbo? Ààrò mi wà níbí. Ìkòkò mi wà níbí. Àwọn oníbàárà láti ọjà Agbálátà, ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé yìí ni wọ́n mọ̀. Tí mo bá kúrò níbí, ọwọ́ òfìfo ni màá fi bẹ̀rẹ̀, irun mi sì ti ń funfun.

Mo wá jókòó, mo rò ó. Ẹ mọ̀ mí, mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ mi jẹ á tètè jí. Mo ṣàkíyèsí pé tí kò bá sí iná, tí pọ́ǹpù ò fa omi sí táǹkì, ẹ kì í kan ògiri. Òkú wo ló ń dúró de iná mànàmáná? Mo ṣí omi, mo rọra pa á, díẹ̀díẹ̀. Ẹ dákẹ́. Mo tún ṣí i, mo gbá a pa. Gbà, gbà, gbà! Mo ní áà. Mo pe ọmọbìnrin tó ń bá mi fọ́ àgbọn kó dúró ti ẹ̀rọ, kó máa gbá a, èmi wọ yàrá yín lọ, mo gbé ọwọ́ lé pátákó funfun yẹn. Ó ń fò lábẹ́ ọwọ́ mi bí ẹja inú àwọ̀n.

Mo fi ọ̀bẹ tí mo fi ń yọ àgbọn ṣí pátákó náà. Páìpù ni. Páìpù tó ń gbé omi láti ìdí táǹkì lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi irin dè é mọ́ ògiri nígbà tí ẹ ń kọ́lé, tí ẹ rọ sìmẹ́ńtì bò ó. Àwọn tó gbẹ́ sàréè yín ló fọ́ sìmẹ́ńtì, tí wọ́n tú irin, tí wọ́n fà á sí ẹ̀gbẹ́ kí pósí yín lè ráyè. Wọn ò dè é padà. Sèwánù kàn fi pátákó bo ìtìjú wọn. Tí omi tó ń sáré bọ̀ bá dá lójijì, páìpù á ta, á fi ara gbá ògiri. Ibi tí ẹ sùn sí lẹ fẹ́ fi lé mi jáde, Bàbá. Tí ẹ bá gbà kí wọ́n gbé yín lọ sí itẹ́ òkú, kí ni ì bá kan ògiri?

Mo pe púlọ́ńbà kan. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Màmá, gbogbo páìpù ilé yìí la máa tú o."

"Lọ tú ti bàbá ẹ," mo ní. "Ibi tó ń fò ni kí o dì."

Ó rẹ́rìn-ín, ojú tì í. Mo gé rọ́bà inú táyà ọ̀kadà fún un, ó wé e mọ́ páìpù níbi gbogbo tó ti ń kan ògiri, ó fi irin dè é mọ́lẹ̀, ó rọ sìmẹ́ńtì sí i. Ó tún dín omi kù nídìí táǹkì kó má máa sáré bí wèrè. Mo ní kó dá pátákó padà, mo fi ọ̀dà funfun pa ojú ìṣó rẹ́. Mo gbé ìgò òróró kan fún un, mo ní ẹnu rẹ̀ ni mo fi dí.

Ẹbí pé. Tàsí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè yín, ó ṣí gèlè kí etí rẹ̀ lè yọ dáadáa. Sèwánù fúnra rẹ̀ ló lọ sídìí ẹ̀rọ. Ó ṣí i, ó gbá a pa.

Kẹ́kẹ́ pa.

Ó tún gbá a. Ó gbá a títí ẹ̀yìnkùlé fi di ẹrọ̀fọ̀, títí omi fi rin bàtà rẹ̀. Tàsí pariwo láti inú yàrá: "Sèwánù! Ṣé kí òkú dìde wá bá ẹ fọ ẹsẹ̀ ni? Ó ti dákẹ́!" Ó wá yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi ti gbà. Ìwọ jókòó sílé bàbá rẹ. Kí ẹnikẹ́ni má dà á láàmú mọ́."

Mo lè ṣí pátákó yẹn fún wọn, Bàbá. Mi ò ṣí i. Ta ló ń fi páìpù dá ẹjọ́ ẹbí? Sèwánù á wá ẹ̀sùn mìíràn lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ dákẹ́, ta ni yóò bá yín jiyàn? Mo kúnlẹ̀ bí ọmọ rere, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín lójú gbogbo wọn. Ẹ ò gbà fún mi rí láyé yín. Èyí tí ẹ gbà yìí, èmi ni mo fi rọ́bà àti irin ṣe é.

Mo ń se òróró mi. Láàárọ̀ àná mo gbá ẹ̀rọ pa, mo sì ti nu ọwọ́ kí n tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó pè mí. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ gbígbẹ. Nígbà tó yá mo padà sídìí àgbọn.

Tí ẹ bá tún ní ohunkóhun í sọ, ẹ pe orúkọ mi. Mo wà nílé.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ fi ọ̀pá pè.