Bíréèkì Tí Mo Tẹ̀ fún Onígbàjámọ̀

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí gbogbo ilé. Mo gbà pé ara yín le, nítorí ohun tí mò ń tọrọ lójoojúmọ́ nìyẹn. Ara tèmi náà kò burú, àfi oorun tí kò sí. Ohun tó ń lé oorun lọ pọ̀: orúnkún mi òsì, ẹ̀rọ omi tó ń kán tó-tó-tó nílé ìdáná, ikọ́ tí mo gbọ́ lọ́fun rẹ nígbà tó o pè mí kẹ́yìn, àti àwọn adájọ́ ìje tó máa jókòó lé ọ̀rọ̀ wa ní Sátidé. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló wúwo jù. Bí wọ́n bá dá wa lẹ́bi, wọ́n á yọ orúkọ rẹ kúrò nínú ẹgbẹ́ kí ìje àṣekágbá tó dé, ìwọ tẹ́nìkan ò fẹ̀sùn màgòmágó kàn rí.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lọ́kàn mi, nítorí inú bí ọ lórí fóònù débi pé o ò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ìwọ lo ra sítíárìn àti ẹsẹ̀ bíréèkì wá, tó o so wọ́n mọ́ kọ̀ńpútà lórí tábìlì ìjẹun, tó o ní kí n máa bá yín sá eré mọ́tò orí íńtánẹ́ẹ̀tì kí àníyàn má baà pa mí sílé. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo máa ń wà, wọ́n sì sọ mí ní Bàbá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò dùn mí. Mo rò pé ẹni tó gbẹ̀yìn gbogbo ayé, kò sẹ́ni tó máa gbá a látẹ̀yìn. Mo gbàgbé pé ojú ìje a máa yí po, ẹni iwájú a sì máa wá bá ẹni ẹ̀yìn.

Nínú ìje ọ̀sẹ̀ tó kọjá, onígbàjámọ̀ inú ẹgbẹ́ eré wa ló wà níwájú, ìwọ lo tẹ̀ lé e. Bí mo ṣe fẹ́ wọ kọ́nà, mo rí àsíá búlúù tó ń sọ pé ẹni tó yára jù mí lọ ti dé ẹ̀yìn mi. Ọmọ mi, iṣẹ́ tí mo fi tọ́ ọ ni kí n máa gbé àwọn ọ̀gá kiri nínú mọ́tò ilé iṣẹ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ẹni tó ń kánjú bá dé ẹ̀yìn ẹni, èèyàn á tẹ bíréèkì, á yà fún un, á sì juwọ́ sí i. Ohun tí mo ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ tí mo yà sí ni òun náà fẹ́ gbà. Ó rọ́ lù mí, ó takìtì, ìwọ sì kọjá lọ gba ipò kìíní. Mo tilẹ̀ juwọ́ sí ọ.

Ìgbà tó bọ́ sórí tán lo wá sọ fún mi pé, "Bàámi, nínú ìje, ẹni iwájú kì í yà. Ẹ dúró lójú ọ̀nà yín, ẹ má dín eré kù. Ẹni ẹ̀yìn ló máa wá ibi tó máa gbà." Ó yà mí lẹ́nu pé ohun tó jẹ́ ìwà ọmọlúàbí lójú títì lè di jàǹbá níbòmíì. Àmọ́ mo ti gbọ́, mo sì ń fi kọ́ra lójoojúmọ́. Ẹsẹ̀ mi ṣì ń yún mí láti tẹ bíréèkì, ṣùgbọ́n mi ò tẹ̀ ẹ́ mọ́.

Onígbàjámọ̀ kò gbà pé àṣìṣe ni. Ó kọ ọ́ síbi tí gbogbo ẹgbẹ́ ti lè kà á pé, "Arúgbó yẹn dènà dè mí kí ọmọ ẹ̀ lè jẹ ẹ́." O bẹ àwọn adájọ́ pé kí wọ́n gba ipò kìíní náà lọ́wọ́ rẹ, wọ́n ní ó dìgbà tí wọ́n bá dájọ́. Orí mi wú nígbà tí mo gbọ́ ohun tó o ṣe. Ìyẹn ló mú kí n pe ọkùnrin náà. Mò ń gbọ́ ẹ̀rọ tó fi ń gẹ irun fún oníbàárà bó ṣe ń kùn. Ó jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán, ó wá ní, "Bàbá, tọ́rọ̀ yìí bá dá yín lójú, ẹ wá wí i lójú mi." Ó rò pé mi ò ní wá. Ta ni kò mọ̀ pé mi ò lè dé ẹnu ọ̀nà kí n má padà wá wo gáàsì?

O ní kí n jókòó sílé mi, pé bí mo bá lọ bẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní a ti gbà pé a jẹ̀bi. Mo rò ó síwá sẹ́yìn. Ẹni tó tẹ ẹlòmíì lẹ́sẹ̀ láìmọ̀ a máa ní "ẹ pẹ̀lẹ́," kò sì túmọ̀ sí pé ó ti ń wá ẹsẹ̀ náà kiri látàárọ̀. Màá lọ. Màá fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé sítíárìn àti ẹsẹ̀ bíréèkì mi, màá gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, màá ní kó wa mọ́tò tirẹ̀ wá bá mi látẹ̀yìn nínú eré náà níye ìgbà tó bá wù ú, kó wò ó bóyá màá yà. Bí kò bá gbà mí gbọ́, ó kéré tán á ti rí ojú ẹni tó ń pè ní ọlọ́tẹ̀. Ẹ̀rù táyà bọ́ọ̀sì ń bà mí, ẹ̀rù pé màá sọ̀ kalẹ̀ níbi tí kò yẹ ń bà mí, síbẹ̀ màá lọ.

Orúkọ rẹ kò ní bà jẹ́. Ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n lórí sítíárìn, ojú kò ní tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́, wàá sì jèrè òtítọ́ rẹ. Jọ̀ọ́, lo oògùn ikọ́ yẹn.

Èmi ni bàbá rẹ, tí kò fi ọ̀rọ̀ rẹ ṣeré rí,
Bàbá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Mo tún rántí: má wulẹ̀ pe ẹ̀gbọ́n rẹ pé kó wá dá mi dúró. Mo ti bá a sọ̀rọ̀, òun ló máa gbé mi dé ibùdókọ̀. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù yìí, ni mo máa gbéra.