Ọ̀rọ̀ Dókítà tí Mo Gé Kúrú

Ilé Ẹlẹ́kẹ̀ẹ́,
Ìsàlẹ̀ Ọjà,
Ìsẹ́yìn.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹjọ, ọdún 1982.

Mùstàfá ọmọ bàbá mi, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni Kàdúná? Ìyàwó rẹ ńkọ́, Àdìjátù tó máa ń fi Haúsá bú mi nígbà tí ẹ bá wálé, tó rò pé n kò gbọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún tó ń dùn ọ́ ti fi ọ́ sílẹ̀? Àwa náà wà, a dúpẹ́. A gba ààwẹ̀ tán láyọ̀, òjò rọ̀ dáadáa kó tó dáwọ́ dúró, àgbàdo tuntun sì ti kún ọjà. Màmá ń kí ọ. Ojú wọn ni kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, wọ́n ní ọjọ́ ogbó ni. Ní tèmi, o mọ̀ mí, ara mi kì í gbé ojú kan. Mo ti fi iṣẹ́ káńsù sílẹ̀, mo ń tún rédíò ṣe, rédíò náà sì ti ń sú mi. Wọ́n ní ilẹ̀ tó dára fún kaṣú wà ní Ìwéré-Ilé, ọkàn mi sì ti ń lọ síbẹ̀. Má fi mí rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí ìyẹn ni mo ṣe mú bírò. Mo ti kọ lẹ́tà yìí rí, mo fà á ya; mo tún un kọ, mo tún fà á ya. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ni, Bọ̀dá Ràsáàkì, kí Ọlọ́run forí jì wọ́n.

O rántí kókó tó yọ sí wọn léjìká, tí wọ́n gé ní Ìbàdàn tó tún hù. Jẹjẹrẹ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Dókítà ará Íńdíà tó ń tọ́jú wọn sọ pé àwọn tí òun ti rí i lára wọn kò pọ̀ rárá. Láti ọjọ́ tí a ti gbọ́ orúkọ yẹn ni gbogbo Ilé Ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ ti gbà pé kókó náà ni yóò pa wọ́n. Bọ̀dá nìkan ni kò gbà. Wọ́n á fi aṣọ bo èjìká, wọ́n á jókòó sídìí òfì, wọ́n á máa hun aṣọ wọn lọ. Nígbà tí wọ́n sì kú nínú ọyẹ́ tó kọjá, kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó pa wọ́n. Ìwọ náà kò béèrè.

Ẹni tó wá béèrè ti dé báyìí. Mojọlá ọmọ wọn ti rí ọkọ, tíṣà kan ní Adó-Àwáyè tó ń jẹ́ Abíọ́nà. Ọmọ náà dára, ó kàn ń sọ̀rọ̀ jù ni. Àwọn ẹbí rẹ̀ ń wádìí ilé wa bó ṣe yẹ, wọ́n sì rán àbúrò bàbá rẹ̀, Bàbá Jẹ́ẹ́dé, wá bá mi, nítorí wọ́n gbọ́ pé èmi ni mo ń mú Bọ̀dá lọ sí Ìbàdàn. Bàbá náà mu omi, ó yin òjò, ó yin òrùlé wa, lẹ́yìn náà ló tún ìjókòó ṣe. Ó ní kí n má bínú, ẹni tó máa fẹ́ ọmọ gbọ́dọ̀ mọ ilé. Wọ́n ní àrùn kan ń jẹ bàbá ọmọ náà léjìká, ṣé òun ló pa wọ́n, ṣé kì í sì í ṣe ohun tó ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn? Àwáwù, ìyàwó Bọ̀dá, wà lẹ́yìn aṣọ ojú ilẹ̀kùn. Mo ń rí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo sọ fún bàbá náà pé jẹjẹrẹ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló pa Bọ̀dá. Mo ní ìpá ni, ìpá tó há.

Mùstàfá, bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ fìlà. “Ìpá! Ta ni kò ní ìpá ní Adó-Àwáyè, pẹ̀lú òkè tí à ń gùn? Èmi tí ẹ ń wò yìí ní in. Ìyẹn ò ba ìyàwó jẹ́.” Ó dìde, ó gbàdúrà fún wa, ó lọ.

Bó ti jáde ni Àwáwù wọlé, ó kúnlẹ̀. “Akọ̀wé mi, ẹ ṣeun. Irọ́ tí ẹ pa yẹn, Ọlọ́run á fi bo àṣírí yín.”

Kì í ṣe irọ́. Ohun tí n kò lè sọ fún un lọ́jọ́ náà nìyẹn, tó sì ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí Bọ̀dá ti kú.

Èmi ni mo ń bu omi nígbà tí Àlùfáà ń wẹ òkú Bọ̀dá. Èjìká tí gbogbo wa ń bẹ̀rù ti gbẹ, ó ti di àpá. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ikùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, nǹkan kan wú síbẹ̀, ó le bí òkúta, awọ ibẹ̀ ti dúdú. Àlùfáà wò mí, ó fa aṣọ bò ó. Ṣé o mọ orin tí àwọn ọmọdé fi ń bú ẹni tó bá ní ìpá? Nítorí orin yẹn ni Bọ̀dá kò ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Mo lọ bá Ládòkun, nọ́ọ̀sì tó wà ní dìsípẹ́ńsárì. Ó bi mí bóyá wọ́n ń bì kí wọ́n tó kú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi mí bóyá wọ́n rí ìgbẹ́ yà. Mo ní rárá. Ó ní ìfun ló há sínú ìpá, pé ká ní a tètè gbé wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ni, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn padà wálé.

A kò gbé wọn lọ síbi kankan. Nígbà tí inú rírun náà bẹ̀rẹ̀, Àwáwù sáré wá bá mi, ó ní ṣé kí a wá mọ́tò, kí ni dókítà ní kí a ṣe bí nǹkan bá dé báyìí? Mo gbójú sókè bí ẹni tó mọ̀wé. Mo ní àrùn náà ló ti dé inú, kí a má fi ọ̀nà jíjìn dá wọn lóró.

Bẹ́ẹ̀ rèé, dókítà ti sọ ohun tí a ó ṣe. Nígbà tí a lọ sí Ìbàdàn gbẹ̀yìn, nọ́ọ̀sì ibẹ̀ fẹ́ máa ṣe ògbufọ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Èmi ni mo ní kó fi sílẹ̀, pé mo gbọ́ òyìnbó. Dókítà gbé kálámù sílẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ gan-an. Ohun tó sọ rèé, n kò gé e: pé nínú àwọn tí òun mọ̀ pé wọ́n ní irú jẹjẹrẹ yìí tí wọ́n sì ti kú, àwọn tí jẹjẹrẹ náà pa kò tó nǹkan. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa ọ̀kan, ibà lásán ló pa òmíràn. Obìnrin kan wà tí inú rírun pa, tí àwọn ẹbí rẹ̀ jókòó tì í nílé, wọ́n ní jẹjẹrẹ ti dé inú. Ó ní kí a má kó gbogbo àìsàn sábẹ́ orúkọ ẹyọ kan; bí ohun tuntun bá ṣe Bọ̀dá, kí a gbé wọn wá lọ́jọ́ náà gan-an.

Mùstàfá, báwo ni mo ṣe máa ka òkú lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú aláìsàn, ẹ̀gbọ́n mi, tí ìyàwó wọn jókòó tì wọ́n? Mo ní dókítà ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, kí wọ́n máa lo oògùn. Bọ̀dá wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín: “Àsánì, òwú agbádá ni ọkùnrin yìí ta fún ọ, fìlà ọmọdé lo wá hun fún mi.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Dókítà bi mí bóyá mo ti sọ gbogbo rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Lọ́jọ́ kejì tí Bàbá Jẹ́ẹ́dé lọ, Àwáwù fi wàrà ránṣẹ́ sí mi láti dúpẹ́. N kò lè jẹ ẹ́. Mo gbé abọ́ náà padà lọ bá a níbi tó ti ń ká òwú, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn bi mí bóyá ojú òun ló ṣe, bóyá òun wà lórí ìjókòó níbẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ń ká òwú rẹ̀ lọ.

“Àsánì, o bẹ̀rù láti dárúkọ ikú níwájú ọkọ mi. Ikú ò bẹ̀rù rẹ.” Ó já òwú. “Má sọ fún Mojọlá títí ìgbéyàwó á fi kọjá. Lẹ́yìn náà, ẹnu rẹ ni mo fẹ́ kó ti gbọ́ ọ. Má gé e.”

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé wa ní ìyàwó, kò pe orúkọ mi rí. Ó ṣì ń kí mi láàárọ̀, ṣùgbọ́n kò pè mí ní Akọ̀wé mọ́.

Ìgbéyàwó á wáyé ní kété lẹ́yìn Iléyá. Ìwọ ni bàbá ọmọ báyìí, wá fà á lé ọkọ lọ́wọ́. Bí o bá ní o kò fẹ́ rí mi lójú agbo, máa wí, n kò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n n kò ní lọ sí Ìwéré-Ilé títí n ó fi jíṣẹ́ tí Àwáwù rán mi. Ní ti ojú Màmá, mo ń gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ Ajé, ìbáà jẹ́ ọjọ́ ogbó. Orúnkún tìrẹ náà, jọ̀wọ́, fi han ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Bá mi kí Àdìjátù àti àwọn ọmọ. Kí Ọlọ́run mú yín dé láyọ̀.

Èmi ṣì ni tìrẹ, bí o bá ṣì fẹ́ mi,

Àsánì.