Ohùn Tó Wà Nínú Fídíò Adágún

Ẹ̀gbọ́n mi, Màmá Ṣíjú,

Ẹ kú ilé o. Mo kí Bàbá àti gbogbo ará ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ara Ìníolúwa ọmọ wa ti yá. Ooru Ouaga ní Burkina Faso níbí nìkan ló ń yọ wá lẹ́nu.

Ẹ mọ̀ pé ọkọ mi ń ṣe ẹ̀kọ́ àyíká sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fáwọn ọmọ yunifásítì, torí ogun ò jẹ́ kí wọ́n lè lọ sí ìgbèríko mọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ń bu omi adágún Tampouy sínú ìgò níwájú kámẹ́rà. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní májèlé ló ń dà sómi. Wọ́n fi igi dá a lápá, wọ́n fi òkúta fọ́ eyín rẹ̀.

Ṣíjú yín tó wà ní Ouaga níbí gbé ọsàn wá sọ́sibítù, ó ń sunkún: "Ta ló ṣe Dádì wa báyìí?" Kò mọ̀ pé kámẹ́rà ò kú nígbà tí wọ́n ń lù ú. Mo ti wò ó. Gbogbo wọn ń fi Mooré, èdè ìlú ibí, pariwo, àfi ẹnì kan: "Ẹ lù ú pa!" Ẹ mọ̀ pé bínú bá bí ọmọ yín, Yorùbá ló ń bọ́ lẹ́nu ẹ̀.

Ẹ dákun, ẹ pè é wálé kí ọkọ mi tó lè jókòó wo fídíò náà. Ọlọ́run á dá gbogbo wa sí. Ṣùgbọ́n ẹ má pẹ́ o. Bó bá tún gbé ọsàn wá, ọ̀bẹ á wà lọ́wọ́ mi.

Àbúrò yín,
Mofolúwakẹ́