Dókítà Èké Tó Wọ Inú Kọ̀ǹpútà Wa

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ṣé o ń jẹun kí o tó jáde láàárọ̀, àbí tíì nìkan lo ṣì ń mu bíi ti ìgbà yẹn? Ọlọ́run tó ń mú ọ jáde láyọ̀ yóò máa mú ọ wọlé láyọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ nílùú ńlá, ẹni tí yóò ràn ọ́ lọ́wọ́ kò ní sùn kó gbàgbé rẹ. Gbogbo wa ń bẹ nílé láyọ̀, àfi kọ̀ǹpútà tí o fi sílẹ̀ fún mi, tí ara rẹ̀ kò yá.

Má jáyà, kò tíì kú. Bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, alátùn-únṣe rédíò wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú yàrá tí mo ti ń gbẹ̀bí tẹ́lẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ mi síta. Ó ní ìbéèrè mi ti pọ̀ jù, pé bí mo bá tún bi òun pé kí ni bọ́tìnnì yìí wà fún, òun á kó irinṣẹ́ òun lọ. Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lé ọkọ àwọn aláboyún síta yàrá yẹn, tí mò ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ jókòó, kí wọ́n yéé rìn kiri, èmi ni mo wá ń rìn kiri lónìí. Mo ti gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti ká aṣọ tó wà lórí okùn, mo sì tún tú u sá. Ìdí tí mo fi mú bírò nìyí, kí ọwọ́ mi lè rí nǹkan ṣe.

Lọ́jọ́ Ajé ni mo tan kọ̀ǹpútà náà kí n lè wo ọjọ́ ìbí ọmọ aránṣọ, nítorí ọ̀gá ilé-ìwé ń béèrè ìwé ọjọ́ ìbí lọ́wọ́ gbogbo ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò, ọjọ́ Ẹtì ni kò sì gbọdọ̀ kọjá. O rántí ìwé ńlá tí mo máa ń kọ orúkọ gbogbo ọmọ tí mo bá gbẹ̀bí wọn sí. Ìwọ lo bá mi dà á kọ sínú kọ̀ǹpútà nígbà tí o wá sinmi nílé, lẹ́yìn tí o lọ ni ikán jẹ ìwé náà tán. Ẹgbẹ̀ta ọmọ ó lé méjìlá, kò sí ibòmíràn tí orúkọ wọn wà mọ́. Bí mo ṣe ní kí n ṣí i báyìí, fèrèsé pupa kan yọ lójú rẹ̀. Àbúrò rẹ obìnrin ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní fèrèsé náà ń sọ pé òun ni olùṣọ́ kọ̀ǹpútà, òun ti yẹ̀ ẹ́ wò, àìsàn irínwó ó lé mẹ́tàdínlógún ló wà lára rẹ̀, bí a kò bá tètè sanwó ìwòsàn, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ni yóò parun.

O mọ irú iṣẹ́ tí mo ṣe. Bí wọ́n bá ti ní àìsàn tó ń ranni wọlé, èmi kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Mo gbé kọ̀ǹpútà náà kúrò ní pálọ̀, mo gbé e ka orí bẹ́ẹ̀dì gíga inú yàrá ìgbẹ̀bí, mo fi aṣọ funfun bò ó, mo ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn lè wọlé, mo sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi dé ìgúnpá. Mo ní kí àbúrò rẹ má gbé fóònù rẹ̀ sún mọ́ ọn, nítorí ojú iná kan náà làwọn méjèèjì ti jọ ń jẹun. Rédíò tó ń bá a gbé orí tábìlì, mo yà á sọ́tọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí n fi wò ó bóyá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Mi ò ní parọ́ fún ọ, mo fẹ́ sanwó fún dókítà inú fèrèsé yẹn. Ó ní kí n tẹ nọ́ńbà káàdì mi. Mo tẹ nọ́ńbà káàdì ìwòsàn mi, ó ní kò tọ̀nà. Mo tẹ ti àbúrò rẹ, ó ní kò tọ̀nà. Mo tẹ ti bàbá rẹ tó ti dolóògbé, ó ní kò tọ̀nà. Ni inú bá bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, nítorí dókítà wo ni kì í mọ káàdì ìwòsàn?

Mo wá ṣe ohun tí wọ́n kọ́ wa níléèwé àwọn agbẹ̀bí, pé bí o kò bá mọ ohun tó ń ṣe aláìsàn, máa wò ó, kí o sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fa ìlà sínú pépà, mo so ó mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Aago mẹ́jọ àárọ̀, irínwó ó lé mẹ́tàdínlógún. Aago méjìlá, irínwó ó lé mẹ́tàdínlógún. Mo pa á kó sinmi, mo tan án lọ́jọ́ kejì, iye yẹn náà ni. Ọkàn mi kò balẹ̀. Mi ò rí àìsàn rí tí kì í lọ sókè tí kì í wá sílẹ̀, ibà pàápàá máa ń sinmi. Mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó di ilé-ìwé. Ọ̀gá ilé-ìwé ní fèrèsé pupa yẹn ti yọ sí kọ̀ǹpútà tiwọn náà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo bi í pé mélòó ni àìsàn tiwọn. Ó ní irínwó ó lé mẹ́tàdínlógún.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kékeré, mo rò ó. Dókítà tó bá wo aláìsàn méjì, tó sì ka iye kan náà fún àwọn méjèèjì, kò fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú wọn. Àfàìmọ̀ kó máà jẹ́ pé dókítà yẹn gan-an ni àìsàn.

Ni mo bá ránṣẹ́ pe alátùn-únṣe rédíò tí gbogbo wa ń pè ní Fẹ́-Ẹ-Fúù, nítorí kò sí ohun tó bàjẹ́ tí kò ní kọ́kọ́ fi ẹnu fẹ́. Ó fẹ́ ẹ, ó wò ó, ó ní òótọ́ ni mo sọ, gbájúẹ̀ ni, ó kàn ń dẹ́rù ba èèyàn kó lè gbowó ni. Ó ní ọ̀nà tó yá jù ni kí òun nu inú kọ̀ǹpútà náà pátápátá, kó dà bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Mo ní orúkọ àwọn ọmọ ń kọ́? Ó ní wọn yóò bá a lọ. Mo dìde dúró. Mo ní nínú yàrá yìí, ẹ̀mí ìyá àti ti ọmọ la jọ máa ń dù, kó wá ọ̀nà mìíràn.

Ó họrí. Ó ní ó dára, òun yóò já a kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí gbájúẹ̀ náà má lè ké sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, òun yóò wá jí kọ̀ǹpútà ní ìdajì, kí ìwọ̀nba ohun tó nílò nìkan jí, kí olè náà ṣì máa sùn. Ibẹ̀ ni òun yóò ti hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kí òun tó wá fi áńtífáírọ́ọ̀sì gidi tó wà nínú fláṣì òun yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò. Èyí yé mi dáadáa, nítorí nílé ìwòsàn ńlá, wọ́n máa ń pa ìdajì ara obìnrin lóorun kí wọ́n tó gbé ọmọ jáde. Mo wá ń bi í bóyá ó ti fún un lábẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ló ti tì mí síta.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ fetí sí ilẹ̀kùn ni. Orin ló ń kọ. Ọkùnrin tí ẹgbẹ̀ta ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń kọrin. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Àwọn kan wà nínú wọn tí ìyá wọn ti kú, tí kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n dáyé mọ́ àfi èmi, orí tèmi náà kò sì rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ilẹ̀kùn ti ṣí. Jẹ́ kí n gbé bírò sílẹ̀.

Mo ti padà dé. Fèrèsé pupa ti lọ, àìsàn ti lọ, ìwé ọmọ aránṣọ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò gbà títí a fi ka orúkọ kọ̀ọ̀kan. Àbúrò rẹ ń kà, èmi ń dáhùn, pé òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ ti èyí, èyí fẹsẹ̀ jáde, ìyá tọ̀hún bú mi. Gbogbo wọn ló pé. Àfi ìwọ.

Ìlà tìrẹ ni àìsàn náà jẹ. Oṣù rẹ wà níbẹ̀, ọjọ́ rẹ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti bu ọdún mẹ́rin jẹ nínú ọjọ́ orí rẹ. Nínú gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀, ìwọ nìkan ló rí mú. Mo bi Fẹ́-Ẹ-Fúù pé irú àìsàn wo nìyẹn, ó dorí kodò, ó ní òun ti gbọ́ ọ rí, pé àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ló máa ń mú. Àbúrò rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi jáde síta. Ó ní bí kọ̀ǹpútà ṣe wí, òun ti fi ọdún kan jù ọ́ lọ, kí o máa pe òun ní ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò rí ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Ta ni yóò sọ fún mi pé mi ò mọ ọdún tí mo bí ọ? Kò sí agbẹ̀bí mìíràn nítòsí lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo ń rọbí, èmi náà ni mo ń sọ fún ara mi pé ó ku díẹ̀. Mo gé ìwọ́ rẹ fúnra mi, mo nu ọwọ́ kan, mo kọ ọ́ sínú ìwé kí n tó mu omi. Ikán jẹ ìwé yẹn, kò jẹ ọjọ́ náà.

Mo ti tún un ṣe. Ohun tó wá ń kọ mí lóminú ni pé inú kọ̀ǹpútà yìí kan náà lo ti tẹ ìwé ọjọ́ ìbí tí o fi wọṣẹ́, ó ní láti jẹ́ pé àìsàn náà ti wà níbẹ̀ láti ìgbà yẹn, tí àwọn ọ̀gá rẹ ń fi ọjọ́ orí tí kì í ṣe tìrẹ kà ọ́. Má ṣèyọnu. Mo ti kọ ìwé tuntun, mo fọwọ́ sí i, mo fi òǹtẹ̀ agbẹ̀bí mi lù ú, mo kọ ọ́ sí ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ yín fúnra rẹ̀, awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún sì ti gbé e lọ lọ́sàn-án yìí. Tìrẹ yìí ni yóò bá ọkọ̀ ọ̀la wá, nítorí mi ò fẹ́ kí tiwọn pẹ́.

Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún Fẹ́-Ẹ-Fúù. Kò díyelé iṣẹ́ rẹ̀, ó ní kí n ṣáà sọ fún ọ pé òun bá ọ kẹ́dùn. Kí o fi díẹ̀ kún un fún yíǹkì òǹtẹ̀ mi, èyí tó kù ni mo lò fún ìwé rẹ.

Wàá dàgbà, wàá gbó, wàá tọ́. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì wà láyé, ọdún kan ṣoṣo kò ní bọ́ lára rẹ mọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
tó bí ọ, tó sì gbẹ̀bí rẹ.