Ọ̀bẹ Sàfúrátù ni Alágbẹ̀dẹ Fẹ́ Gbà

Olóòtú wa, mo kí yín, mo kí gbogbo ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì. Arúgbó Ọ̀tà ni mí. N kò mọ̀wé, ẹnìkan ló ń bá mi kọ ọ́. Ẹ má wádìí orúkọ mi.

Ògúndèyí alágbẹ̀dẹ rọ irú ọ̀bẹ kan tó ń ṣẹ́ wọ inú èèkù, bíi ti òyìnbó. Mẹ́ta péré ló rọ láti fi dán an wò, ó ku ẹyọ kan. Ọ̀bẹ oko mi ti gún mi nítan rí láti inú àpò, ni mo bá na ṣílè mẹ́wàá sí i.

Ó ní, "Bàbá, ẹ fowó yín sápò. Ọ̀bẹ ìyàwó yín tó ti lọ ni kí ẹ gbé wá. Irin àtijọ́ ni, mo fẹ́ fi rọ òmíràn."

Sàfúrátù ìyàwó mi fi ọ̀bẹ yẹn bẹ ẹ̀gẹ́ títí ó fi rí tẹ́ẹ́rẹ́. Bí mo bá ń ti oko Alápòtí bọ̀, tí mo gbọ́ tó ń pọ́n ọn lára òkúta ẹnu ọ̀nà wa, mo ti mọ̀ pé oúnjẹ kò ní pẹ́ jinná. N kò sunkún nígbà tí a sin ín. Àná ni mo pọ́n ọ̀bẹ náà fúnra mi. Ìró kan náà ni.

Kí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ wà láyé má dá mi lóhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti sin tiyín ni mo ń bi: ṣé ọ̀bẹ tuntun yìí tó ohun tí alágbẹ̀dẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?